Irun Òbúkọ Tí Mo Pè Ní Irun Ìyá Rẹ

Àgọ́ Okùn,
lẹ́yìn Abaji.

Kíkẹ́olúwa ọmọ mi,

Ẹfúnróyè ìyá rẹ kú ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìwọ lo ra pósí, ìwọ náà lo bá àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ jà pé kò jìn tó. Mo fi í ṣáájú nítorí Hezekiah, akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Kí n tó la ẹnu ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú mi dùn láti kọ ìwé yìí sí ọ, àti pé ara mi le bí mo ṣe gbàgbọ́ pé ara tìrẹ náà le. Mo ní kí ó pa á rẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láti ayé àwọn òyìnbó. Mo ní òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó pa á rẹ́.

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí Tiwátọ́pẹ́ ọmọ rẹ, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ lórí fóònù ṣùgbọ́n tó ń dá mi lóhùn lédè òyìnbó bí ẹni ń ka ìròyìn. Ọlọ́run yóò dá yín sí ní Lokogoma l'Abuja níbẹ̀, níbi tí ẹ ti ń san owó fún ẹni tó ń ṣí géètì fún yín, tí ẹ sì tún ń fun fèrè ọkọ̀ kí ó tó jí ṣí i. Ẹ ò ní rí irú ọ̀fọ̀ yìí mọ́ ní ọdún yìí. Àwa náà wà níbí. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, Diméjì àbúrò rẹ ní òun máa tún un ṣe, ìyẹn ni pé yóò máa jò lọ. Iṣu ta díẹ̀. Òbúkọ Mùíbì aládùúgbò wa ti hu irun padà, ọ̀rọ̀ òbúkọ náà ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ, nítorí náà wá ibi kan jókòó sí.

O rántí pé ní ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Jamilah wá sí Àgọ́ láti ọ́fíìsì kan ní ìgboro Abuja. Ọmọ Kàbà ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgboro ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ru ẹyin gba orí àpáta. Ìyá rẹ bu omi fún un. Ìdajì omi náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdajì yòókù dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí ọwọ́ ìyá rẹ ti ń gbọ̀n nígbà náà. Mo ní àgbà ló dé. Jamilah ń wo ọwọ́ náà. Ó wá ní àwọn tó ń fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà ní òkè odò ń lo mẹ́kúrì, pé òun sì fẹ́ gé irun díẹ̀ ní ẹ̀yìn orí àwọn obìnrin wa, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá ń jẹ nínú ẹja a máa kọ ara rẹ̀ sínú irun. Mo fi ọwọ́ pa orí mi tó ti pá. Mo ní kí ó wò ó, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí mo ti jẹ láyé nìyẹn.

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Ẹ̀ẹ̀melòó ni à ń jẹ ẹja lọ́sẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọkùnrin tó bá ń ka ẹja tí ìyàwó rẹ̀ sè, kí ló ń wá nínú ilé? Mo ní kí ó kọ ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n má baà ròyìn wa ní Abuja pé wọ̀bìà ni wá. Gbogbo Àgọ́ ló sì sọ ẹ̀ẹ̀kan, àwa tí à ń fi ẹja jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ó béèrè ímeèlì. Mo ní a ò ní, ewúrẹ́ la ń sìn. Ó ní kí n tẹ̀ka. Àtàǹpàkò òsì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, nítorí ti ọ̀tún ni báńkì mọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti inú ìwé ẹja bọ́ sínú àpò mi. Bàbá rẹ gbọ́n, àbí?

Ó wá kan irun. O mọ bí ìyá rẹ ṣe tọ́ ọ. Obìnrin ilé wa kì í ya irun kí ó fi èyí tó já sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, àjèjì kì í sì í mú irun rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹni tí irun rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí rẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún Jamilah pé àwọn obìnrin wa ń tijú, pé inú yàrá ni wọ́n ti máa gé e fúnra wọn. Ó gbà, ó kó sísọ́ọ̀sì àti àpòòwé fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nọ́ńbà wà lára àpòòwé kọ̀ọ̀kan. Mo gba ẹ̀yìnkùlé dé ibi tí Mùíbì so òbúkọ rẹ̀ mọ́, òbúkọ dúdú tí irun rẹ̀ gùn, mo gé nínú rẹ̀, mo fi sínú àpòòwé ìyá rẹ. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Nígbà tí àwọn yòókù rí ọgbọ́n yìí, gbogbo wọn tò sí ẹ̀yìn mi. Obìnrin mọ́kànlélógún ló rí irun lára òbúkọ kan ṣoṣo. Nígbà tí Mùíbì ti oko dé, ó ní àrùn wo ló kọlu ẹran òun. Mo bá a kẹ́dùn.

Ìyá rẹ nìkan ló ní òun kò rí aburú nínú kí òun fún ọmọ náà ní irun díẹ̀, pé ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó láàánú. Èmi ni mo ní kí ó dákẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwé dé. Hezekiah kà á fún wa. Ó ní nọ́ńbà kẹtàdínlógún kò ní mẹ́kúrì lára rárá, ó dà bí ẹni tí kì í jẹ ẹja. Gbogbo àwọn yòókù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá wà ní Abuja tó ń ka irun bí ẹni ń ka ìwé, iná mànàmáná tó ń jẹ lójoojúmọ́ á tó gbogbo Àgọ́ yìí lò, kò sì mọ ìyá rẹ yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Lórí ìwé, kò sí ibi tí ara ti le tó Àgọ́ Okùn. Koríko là ń jẹ.

Diméjì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. O mọ̀ pé ó ti fi oko sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ibi wúrà ló ń lọ. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ, ìwọ tó o kàwé. Mẹ́kúrì náà wà nínú ìgò kékeré, ó ń dán bíi fàdákà, ó ń sáré bí omi, ṣùgbọ́n kì í rin ọwọ́. Wọ́n á dà á sórí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ pò ó, yóò sì kó gbogbo wúrà wẹẹrẹ inú yẹ̀pẹ̀ náà mọ́ra. Wọ́n á gbé odidi rẹ̀ ka iná. Mẹ́kúrì á di èéfín, wúrà á ṣẹ́kù. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, inú odò ló ń dà sí. Ibi tí àbúrò rẹ ti ń gbé e ka iná ni ilé ìdáná ìyá rẹ, nítorí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí iná jó ní ìta. Páànù tí ìyá rẹ fi ń dín àkàrà ló ń lò. Ìyá rẹ á fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á dín àkàrà fún un, á ní iṣẹ́ ń pa ọmọ òun.

Nígbà tí ìwé ti sọ pé kò sí nǹkan kan, mo ní àìjẹunkánú ló ń mú ọwọ́ ìyá rẹ gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra àrọ̀ tó tóbi jù lọ́wọ́ àwọn apẹja, èyí tó gùn tó apá mi, mo ń gbé e ka iwájú rẹ̀. Mo ń dúró tì í kí ó jẹ ẹ́ tán. Ètè rẹ̀ kú, ó ní ó dà bí ẹni pé òun ń fi ètè ẹlòmíràn jẹun. Mo fi ẹja kún un. Ó ń bu ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Mo fi ẹja kún un. Ó kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní ọ̀nà ìdáná tó ti ń gbà fún ọgbọ̀n ọdún, ó ní òun kò rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́, iwájú nìkan ni òun ń rí. Mo ní kí ó máa wo iwájú nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rere sọ fún un nìyẹn. Dókítà ọsibítù ní ọjọ́ orí ni. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí lóòótọ́, mi ò mọ̀, ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi wádìí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí o ti padà sí Abuja, Jamilah tún dé. Ó ti wá bu ẹrẹ̀ odò wa lọ yẹ̀wò ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó wá sọ ohun tó rí. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá rẹ ti lọ, ó kúnlẹ̀, ó kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, ó sì sunkún, lórí obìnrin tí kò bù ju ìdajì ife omi fún un rí. Lẹ́yìn náà ló fi igi ya ilẹ̀ kí n lè mọ bí nǹkan náà ṣe ń rìn.

Ó ní èéfín tó kúrò lórí wúrà, ojú kì í rí i. Ẹni tó bá wà nítòsí á fà á símú, yóò wọ ẹ̀jẹ̀, yóò gba ibẹ̀ dé ọpọlọ. Èyí tí kò bá rí imú wọ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò ní dúró san owó ọkọ̀ ní gáréèjì Jabi. Ó lè rìn fún oṣù mélòó kan lókè kí ó tó bá òjò bọ̀ sórí oko ẹni tí kò rí wúrà rí, àfi ní etí ìyàwó pásítọ̀. Òjò á gbá a wọ odò, yóò bá èyí tí wọ́n dà síbẹ̀ pàdé. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú ò lè rí á sọ ọ́ di oríṣi míràn tó burú ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé èyí kì í kúrò lára bọ̀rọ̀. Kòkòrò odò á jẹ ẹ́, ẹja wẹẹrẹ á jẹ kòkòrò, ẹja tó jù ú lọ á jẹ ọgọ́rùn-ún ẹja wẹẹrẹ, àrọ̀ ńlá á wá jẹ gbogbo wọn, ohun tí oníkálukú ti kó pamọ́ sára á di ti àrọ̀. Bí ẹja bá ṣe dàgbà tó ni ẹrù rẹ̀ ṣe ń wúwo tó. Mo ní bí a bá yan án ńkọ́, bí a bá bó awọ rẹ̀. Ó ní iná kì í lé e kúrò nínú ẹran ẹja. Ìyẹn ni pé iná tó lé e kúrò lára wúrà Diméjì, tí a bá dá a lórí ẹja tèmi, mẹ́kúrì kò ní í gbọ́ràn sí i.

Mo jókòó, mo rò ó. Nínú ilé yìí, ta là ń gbé ẹja tó tóbi jù fún? Àgbà. Àlejò. Aláìsàn. Aboyún. Àwọn ọmọdé ló ń jẹ wẹẹrẹ, tí wọ́n ń sunkún pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Mi ò tíì rí nǹkan tó mọ àpọ́nlé bíi mẹ́kúrì yìí, ó mọ̀ ọ́n ju àbúrò rẹ lọ. Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún jù nínú ilé ló ń wá lọ.

Jamilah ní ohun kan ṣoṣo ló ń ya òun lẹ́nu. Ẹrẹ̀ odò wa kún fún mẹ́kúrì, bẹ́ẹ̀ irun wa mọ́ ju ti ọmọ tuntun lọ. Ó ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ wá bi wá ní ọgbọ́n tí a ń dá. Mo la ẹnu láti sọ fún un. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Mo pa ẹnu dé, mo sì sìn ín dé ọ̀nà.

Gbọ́ ibi tó ti wá di ẹjọ́. Hikmah ìyàwó Diméjì ti lóyún oṣù mẹ́fà. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, àwo rẹ̀ ti di ti Hikmah, àrọ̀ tó tóbi jù ló ń bọ́ síbẹ̀, ìyá rẹ̀ tó bí i sì ń fi tirẹ̀ kún un láti Abaji, kí ọmọ lè sanra. Jamilah ti sọ fún mi pé aboyún lè máa rìn kó máa rẹ́rìn-ín, kí ọmọ inú rẹ̀ máa gba nǹkan náà láti ibi ìwọ́, kí wọ́n bí i tán kí ó pẹ́ kó tó jókòó, kí ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, kí ẹ̀kọ́ má wọ orí rẹ̀. Mo sọ fún Diméjì. Ó ní kí n wo ògiri, pé ìyá òun jẹ ẹja odò yìí títí ọjọ́ ikú, irun rẹ̀ mọ́. Mo wá jẹ́wọ́ fún un pé irun òbúkọ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fi oko sílẹ̀ ni mo ti ń wá ohun tí màá fi dá òun padà, pé ó wá kù kí n sọ pé ewúrẹ́ ló bí òun. Àwọn obìnrin ogún tó tò sẹ́yìn mi mọ òótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ wọn ń jẹun nídìí wúrà náà, mi ò sì rí ẹyọ kan tó rántí òbúkọ mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ ọ́ létí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹja kúrò nínú àwo Hikmah. Mo kọ́kọ́ ń jù ú sí ṣáláńgá. Hikmah rí mi lọ́jọ́ kejì, ó sunkún pé bàbá ọkọ òun kórìíra oyún òun. Láti ìgbà náà, mo ń jẹ ẹ́ lójú wọn. Mo máa na ọwọ́ sínú àwo aboyún, màá mú àrọ̀ rẹ̀, màá jẹ ẹ́ títí dé egungun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gbogbo Àgọ́ pé ikú ìyàwó mi ti sọ mí di ọ̀kánjúwà. Ìyá Hikmah ti wá láti Abaji wá wo ojú mi. Ó ní sànnu, baba, ebi ń pa yín tó bẹ́ẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Hezekiah ní kí n má fi eléyìí sínú lẹ́tà, pé kò yẹ àgbà. Mo ní kí ó kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò tíì gbọ̀n. Mo ń lo akọ̀wé nítorí pé mi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, má ro nǹkan míràn sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ni mo ní, Hikmah sì ti ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀ kí n tó dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń kó ẹrù ìyá rẹ jọ, mo rí agolo mílíìkì kan ní àjà. Gbogbo irun tó já sí òòyà rẹ̀ ló ká sínú rẹ̀, ká lórí ká, kí àjèjì má baà rí i. Ti àtijọ́ wà nísàlẹ̀, ti ọdún yìí wà lókè, àwọn kan ti funfun. Mo dì í sínú gèlè rẹ̀ aláwọ̀ ewé, dírẹ́bà tó bá mú lẹ́tà yìí dé gáréèjì Jabi ló gbé e lọ́wọ́. Má ṣí i nínú ọkọ̀. Gbé e fún Jamilah, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Sọ fún un pé ti nọ́ńbà kẹtàdínlógún nìyí. Bá mi sọ fún ẹ̀rọ náà pé obìnrin ni lọ́tẹ̀ yìí, kí ó fara balẹ̀ kà á. Kí ó sì ka èyí tó wà lókè nìkan, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni, èmi ni mo fẹ́ ẹ nígbà náà.

Má dúró de èsì kí o tó wá mú Hikmah. Wí fún un pé ọsibítù wà nítòsí yín, pé o nílò ẹni tí yóò máa bá Tiwátọ́pẹ́ sọ Yorùbá, parọ́ tó bá wù ọ́, ìdílé wa ti mọ̀ ọ́n ṣe. Jẹ́ kí Jamilah fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé irun Hikmah, lójú rẹ. Ẹja gbígbẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín nígbà ọdún, bí ó bá ṣẹ́kù, gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, má fún ajá, má sì dà á sínú omi Jabi kí ó má lọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn míràn. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹyin àti ẹ̀wà. Sọ fún báńkì kí wọ́n jẹ́ kí ó dé kí ọjọ́ ọjà tó kọjá, wọ́n ti ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló bí ọ. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi kún un kí n ra páànù míràn.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ rẹ sí fún ọ. O ò ní í fi ọwọ́ ara rẹ gbé oúnjẹ burúkú fún ẹni tó o fẹ́ràn. Ohun tí o bá kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kò ní í já sí asán bí ọgbọ́n tèmi.

Nígbà tí èsì bá dé, ìwọ ni yóò kà á sí Diméjì létí. Ìwọ ni yóò yọ ìwé yẹn kúrò lára ògiri, ìwọ ni yóò sọ fún Jamilah àti fún gbogbo Àgọ́ ohun tí bàbá rẹ ṣe, nítorí pé ti Jamilah kò jáde lẹ́nu mi, èyí tí mo sọ fún Diméjì kò sì wọ̀ ọ́ létí. O ní ẹ̀tọ́ láti bú mi, mi ò ní dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n mú Hikmah lọ ná. Ìwọ ni àkọ́bí, ó dọwọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni mo fi tẹ̀ ẹ́.